Ìyẹ̀fun Lórí Ewé Róòsì

Ọjọ́ kẹrin, Oṣù Kejì

Àkọ́bí mi,

Ṣé o wà láàyè? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì sọ ọ́ di ẹran inú fìríìjì? Èmi wà. Ara mi le. Bí kò bá tilẹ̀ le, ta ló máa gbọ́? Lẹ́tà rẹ ìjọsí kò kún ojú ìwé kan, ìdajì rẹ̀ ló sì jẹ́ "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta". Ìkíni kì í yó ènìyàn. O ṣé fún ìbọ̀sẹ̀ tí o fi ránṣẹ́. Ó jọ èyí tí a máa ń wọ̀ fún òkú ní wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n mo ń wọ̀ ọ́.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé ni igi róòsì mi. Méjèèje, láti ẹ̀gbẹ́ géètì títí dé abẹ́ fèrèsé yàrá àbúrò rẹ, ló ti funfun. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ẹnì kan ki ìka bọ àtíkè, ó wá fi ń tọ́ ewé níkọ̀ọ̀kan. Kí n tó mọ̀, ó ti bo ẹ̀ka. Ewé tuntun ń ká jọ bí etí ajá, òdòdó tó rudi kò sì là. Mo di ọ̀kan nínú ewé náà sínú báńdéèjì, mo fi í sínú lẹ́tà yìí kí o lè fojú ara rẹ rí i.

Mo mọ ẹni tó ń ṣe é. Oníbúrẹ́dì tó kó dé ẹ̀gbẹ́ wa ni. Ní àràárọ̀, ọkùnrin náà á dúró lẹ́bàá fẹ́ǹsì nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, á máa gbọn àpò ìyẹ̀fun rẹ̀ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé ìdọ̀tí ò lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ló ń gbé e wá.

Ọmọ Oníbúrẹ́dì yìí sì ni àbúrò rẹ ní òun fẹ́ fẹ́ o! Yíìsì ni mo sọ ọmọ náà. Ó ń wú ṣáá, afẹ́fẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní baba àti ọmọ fẹ́ wá jókòó ní pálọ̀ mi láti sọ̀rọ̀ ìyàwó. Mo ní ọjọ́ tí ewé mi bá mọ́ ni kí wọ́n wá.

Sọ ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ìyẹ̀fun kúrò lára ewé lọ́dọ̀ yín fún mi. Mo rán ọ lọ kọ́ ìṣirò, o wá ń bomi rin igi fún àwọn tí kò bí ọ. Ó yẹ kí èrè kan tiẹ̀ ti ibẹ̀ wá.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Kejì

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìbínú. Inú mi dùn pé ìbọ̀sẹ̀ òkú bá yín lẹ́sẹ̀ mu.

Ewé yín dé. Inú ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi òdòdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sì fi ewé tó lárùn ránṣẹ́ sí mi nínú báńdéèjì. Bí ọ̀gá mi bá rí i, wọn ìbá lé mi. Mo ti sun ún. Mọ́mì, kì í ṣe ìyẹ̀fun. Àrùn ni. Èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì ká tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ohun tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó bá pẹ́ nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, ọwọ́ ènìyàn náà sì ń gbé e. Ó fẹ́ràn ibi tí igi bá ti há mọ́ra, tí oòrùn ò dé, tí ọ̀sán bá gbẹ tí òru sì tutù. Róòsì yín há mọ́ra bí èrò inú ọkọ̀. Mo ti sọ ọ́ kí n tó kúrò nílé, ẹ ní kí n lọ ka ìwé mi.

Ẹ ki ìka bọ omi, kí ẹ fi nu ewé kan. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun, á kúrò, kò sì ní padà bí ẹnikẹ́ni ò bá dà á síbẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ àrùn, á padà wá, ibi tó wà á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí èyí náà ò bá tó yín, ẹ fi aṣọ bo igi kan lódindi. Bí ó bá ṣì ń funfun lábẹ́ aṣọ, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ Oníbúrẹ́dì mọ́.

Bí ẹ ṣe máa wò ó nìyí. Ẹ gé ẹ̀ka tó bá ti bàjẹ́, kí ẹ sun ún, ẹ má jẹ́ kó já sílẹ̀. Ẹ gé àárín igi kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ dín ajílẹ̀ adìẹ kù, ewé rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń mú jáde yẹn ni àrùn náà ń jẹ. Ẹ po ife wàrà kan mọ́ ife omi mẹ́sàn-án, kí ẹ máa fín in sí ojú ewé àti ẹ̀yìn rẹ̀ ní òwúrọ̀. Èyí tó bá le, ẹ fi ṣíbí kékeré sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sínú omi ìgò ńlá kan, kí ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn yẹn wá jókòó ní pálọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọmọ yín ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ewé.

Èmi ni, ẹni tó ń bomi rin igi.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹta

Àkọ́bí mi,

O kú ìmọ̀ràn o. Mo ṣe ohun tí o wí, àṣírí sì tú.

Mo fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bo igi tó wà lábẹ́ fèrèsé àbúrò rẹ. Mo ká igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí a ṣe ń ká a ní wọ́ọ̀dù, mo fi okùn dì í nísàlẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, igi náà funfun ju gbogbo ìyókù lọ! Kí ló kù? Ọkùnrin náà ti wọlé wá, ó ti ṣí aṣọ mi, ó ti da ìyẹ̀fun síbẹ̀, ó sì tún un dì. Ó tilẹ̀ dì í bí mo ṣe dì í. Ẹni burúkú tó mọ iṣẹ́ ni.

Ìwọ náà sì kọ ọ́ fúnra rẹ pé ọmọ ìyá ohun tó ń hù lára búrẹ́dì ni. Ta ló ń ṣe búrẹ́dì ládùúgbò yìí? Èmi ni? O ti dá ẹjọ́ náà tán, o kàn ń ṣe agídí ni.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí èrò pọ̀ níbẹ̀. Mo gbé ẹ̀ka róòsì kan kalẹ̀ lórí káńtà, láàárín búrẹ́dì, mo ní, "Gba ọjà rẹ."

Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Mẹ́trọ̀n. Ìyẹ̀fun ni mo fi ń jẹun. Ṣé mo wá jọ ẹni tó máa dà á sórí òdòdó olódòdó?"

Mo ní, "O jọ ọ́ gan-an ni."

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Yíìsì dúró lẹ́yìn baba rẹ̀ pẹ̀lú tíréè búrẹ́dì lọ́wọ́, kò lè gbé e sílẹ̀, kò lè gbé e lọ. Mo wá là á mọ́lẹ̀ lójú gbogbo wọn pé ọmọ mi ò ní fẹ́ ọmọ inú ilé onídọ̀tí láéláé.

Àbúrò rẹ wà níbẹ̀. N ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó wá ra búrẹ́dì tí a máa jẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, ó ń kí mi bí ẹni ń kí onílé. Kó máa bínú lọ. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun.

N ò gé igi kankan o. Ẹni tí ara rẹ̀ dọ̀tí, ṣé wọ́n máa ń gé e lápá ni? Mò ń wẹ̀ wọ́n. Ní àràárọ̀, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ fèrèsé, mo sì ń nu ewé kọ̀ọ̀kan lójú àti lẹ́yìn títí dé géètì, pẹ̀lú aṣọ ìnuǹkan mi kan àti omi inú bókẹ́ẹ̀tì kan. Bí mo ṣe ń nù ún tó yìí, ó ń funfun sí i. Ṣé o rí i bí ọkùnrin náà ṣe burú tó?

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, Oṣù Kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀ nìkan lẹ máa ń rí lẹ́tà mi.

Àfẹ́sọ́nà mi ti rí ṣọ́ọ̀bù sí ìlú mìíràn, ó fẹ́ lọ dá búrẹ́dì tirẹ̀ sílẹ̀. Kí oṣù yìí tó parí ló máa lọ. Ó ní òun ò lè máa gbé ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ti pe baba òun ní onídọ̀tí níwájú àwọn oníbàárà. N ò dá a lẹ́bi. Ó ní kí n bá òun lọ, bí Mọ́mì ò bá tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Mo ti sọ pé màá lọ.

N ò fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí Mọ́mì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ tiyín, bí wọ́n tilẹ̀ ń bú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ má sì fi ahọ́n ilé wa kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹwàá, Oṣù Kẹrin

Mọ́mì mi,

Mo ka lẹ́tà yín ní ibi iṣẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní kí n sọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Kí n ní ìyá mi gbà pé oníbúrẹ́dì ń fò fẹ́ǹsì láti wá fi àtíkè pa igi òun lábẹ́ aṣọ?

Aṣọ tí ẹ fi bò ó ló jẹ́ kó burú. Òjìji àti afẹ́fẹ́ tí kò rìn ni oúnjẹ àrùn náà. Ẹ ṣe ilé fún un, ẹ tún ká igun bẹ́ẹ̀dì fún un.

Ti aṣọ ìnuǹkan yẹn wá ni mo ń bọ̀ wá sọ. Mẹ́trọ̀n! Aṣọ kan! Bókẹ́ẹ̀tì kan! Igi méje! Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ara èyí tó ṣàìsàn jù. Ta ló lé akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì jáde ní wọ́ọ̀dù níwájú dókítà, nítorí pé ó fi òwú kan nu egbò aláìsàn méjì? Ẹ̀yin náà ni. Ẹ sọ ọ́ fún wa nídìí oúnjẹ títí a fi há a sórí. Oníbúrẹ́dì kọ́ ló ń gbé àrùn yìí kiri ọgbà yín. Ọwọ́ yín ni. Kò sí ìyẹ̀fun kankan lórí igi yẹn. Kankan!

Mo ti kọ bí ẹ ṣe máa wò ó. Ẹ tún un kà. Èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé, ẹ gé e dé orúnkún, á tún hù. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ má fi imí ọjọ́ sí i lọ́sàn-án gangan, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ṣì ní èyí tí ẹ fi ń pa ifo fún wa nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Oòrùn á bá a lẹ̀dí àpò pọ̀, wọ́n á jó ewé náà.

Kí ẹ sì lọ bẹ Oníbúrẹ́dì. Bí ó bá wù yín láti gbó sídìí igi róòsì, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má so ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ibẹ̀. Àbúrò mi ń lọ o.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹfà

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ kórìíra kí n máa kọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lóòótọ́.

N ò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ yín. Mo kọ lẹ́tà ìjọsí yẹn gbígbóná díẹ̀. Ara yín ń kọ́? Ẹ jọ̀ọ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ èébú, ẹ fi ránṣẹ́.

Àkọ́bí yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Keje

Àkọ́bí mi,

Ọ̀jọ̀gbọ́n ewé, o kú iṣẹ́. Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé. Mo ka ti àkọ́kọ́ dé ibi aṣọ ìnuǹkan, mo sọ ọ́ sábẹ́ àga. Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́ ló fẹ́ wá kọ́ mi ní ìmọ́tótó! Mo ní títí o fi máa tọrọ àforíjì, n ò ní dáhùn. O ò sì tọrọ rẹ̀. "Mo kọ ọ́ gbígbóná díẹ̀" kì í ṣe àforíjì. Ìròyìn ojú ọjọ́ ni.

Àbúrò rẹ lọ. Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí ìrọ̀rí. Níta ni mo wà, mò ń nu ewé. Ó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, mò ń lọ o." Mo gbọ́ ọ. Mo ní, "Pa géètì dé." N ò yíjú.

Mo rò pé ó ṣì dúró níbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa nu igi yẹn tán, kò sí ẹnìkankan níbẹ̀ mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó tún ka lẹ́tà rẹ. Mò ń gbálẹ̀ pálọ̀, ìgbálẹ̀ wọ́ ọ jáde. Ilé ti dákẹ́ jù nígbà náà, mo ní kí n tiẹ̀ gbọ́ ohùn ènìyàn, bó jẹ́ ohùn aláfojúdi. Mo ka ìyókù. Mo jókòó. Òótọ́ ni o sọ, ó sì dùn mí pé ìwọ lo sọ ọ́. A kì í fi aṣọ kan nu aláìsàn méjì. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ni mo pè é, n ò pè é ní àrùn. Ìdọ̀tí ní ẹni tí èèyàn lè bá jà.

Mo wá ṣiṣẹ́ mi bó ṣe yẹ. Mo ya aṣọ sí méje, igi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Mo ń fi omi gbígbóná fọ sísọ́ọ̀sì kí n tó ti ara igi kan bọ́ sí òmíràn. Mo gé àárín wọn, mo sun ẹ̀ka, mo gé ti abẹ́ fèrèsé dé orúnkún. Mo fín wàrà. Èyí tó le nínú wọn kò gbọ́ ti wàrà, ó di dandan kí n wá sódà, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń tà á ládùúgbò yìí ju ọkùnrin náà lọ.

Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, mo fi ìka tútù nu ewé bí o ṣe kọ́ mi. Ti igi márùn-ún padà wá, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Igi méjì tó kángun sí fẹ́ǹsì, funfun tiwọn kúrò, ewé abẹ́ rẹ̀ ń dán, kò sì padà títí ọkùnrin náà fi tún gbọn àpò rẹ̀. Ìyẹ̀fun ni, ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyẹ̀fun pọ́ńbélé! O kọ ọ́ pé kò sí kankan. Méjì nínú méje kì í ṣe kankan, ìwọ tó lọ kọ́ ìṣirò.

Mo gbé ẹ̀ka méjì lọ, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún àti ọ̀kan nínú àwọn méjì. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣófo. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń gbé tíréè fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dùn ún, mo rí i bó ṣe ń rìn.

Ó ní, "Mẹ́trọ̀n, ọmọ yín gbé ọmọ mi lọ."

Mo ní, "Ọmọ tìrẹ ló gbé tèmi."

Mo fi ẹ̀ka àkọ́kọ́ hàn án, mo ní èyí kì í ṣe tìrẹ, mo purọ́ mọ́ ọ. Mo fi èkejì hàn án, mo ní èyí tìrẹ ni, má purọ́. Ó fi ìka nù ún, ó tọ́ ọ wò lẹ́nu, ó ní òótọ́ ni, ìyẹ̀fun òun ni. Ó ní bí mo bá ti rọra sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀yìnkùlé ni òun ìbá ti máa gbọn àpò. Mo ní bí kò bá gbọn ọ́n sórí òdòdó mi, n kì bá tí ní ohun tí màá sọ. Ó wọn sódà fún mi, ṣíbí rẹ̀ kún jù, mo ní kó dà á padà kó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ó ti wá jókòó ní pálọ̀ mi báyìí. Kò sí ìyàwó tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, a kàn jókòó ni. Ó mu omi. Ó ní ọmọ òun ò kọ̀wé sí òun. Mo ní tèmi náà ò kọ.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó kọ sí ọ. Ẹ̀yin méjèèjì ti máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi láti kékeré. Kọ̀wé sí i. Sọ fún un pé igi abẹ́ fèrèsé rẹ̀ ti hu ẹ̀ka tuntun, ewé rẹ̀ mọ́, ó ti rudi. Sọ fún un pé baba Yíìsì ti jókòó ní pálọ̀. Kó mú Yíìsì dání, àga wà. Géètì tí mo ní kó pa dé yẹn, sọ fún un pé n kì í tì í mọ́. Má sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́ o. N kì í bẹ ọmọ.

Ṣùgbọ́n bí o bá kọ gbogbo èyí tán, tí kò sì wá, kọ òmíràn, kí o sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́.

Èmi ìyá yín.